Gbèsè Inú Agolo

Àbúrò mi gba ilẹ̀ kòkó, ẹ̀gbọ́n mi gba ilé,
èmi gba agolo bisikíìtì mẹ́ta
tí bàbá wa, oní-fọ́tò Ìsọ̀kún, kó fíìmù sí.
Mo ṣí ọ̀kan; òórùn ọtí kíkan gbá mi nímú.
Mo na fíìmù kan sí ojú fèrèsé:
ọmọge kan jókòó, irun rẹ̀ funfun bí òwú,
eyín rẹ̀ dúdú bí èédú.
Lára àpòòwé, ìkọ̀wé bàbá mi, bírò pupa:
*Fẹ́hìntọlá, Òkèsà, Àjíǹde '74.
San náírà kan. Ó ku ọgọ́ta kọ́bọ̀.*

Ìdajì Iléṣà ló jókòó sínú agolo yìí,
tí wọ́n ń fi eyín dúdú rẹ́rìn-ín sí mi.

Ọmọ mi ní kí n fi fóònù yà á,
kí n tan iná sábẹ́ àwo funfun.
Mo gbìyànjú. Àwòrán wọ́,
ojú tèmi sì ń yọ láàárín àwọn àlejò
níbi ìgbéyàwó tó ṣáájú ìbí mi.

Mo gba Ẹrẹ́jà lọ bá Bísírìyù, atún-kọ̀ǹpútà-ṣe.
Ó gbé àpótí kékeré kan síwájú mi,
tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀: ọ̀kẹ́ méjì náírà.
Mo ti fíìmù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò gbà.
Tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ọ̀fun rẹ̀ mọ̀;
ti bàbá mi fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́.
Mo wá tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un. Ó gbé e mì,
ó pọ ìyàwó kan jáde tí gbogbo léèsì ọrùn rẹ̀
ti di ìkùukùu.

Bísírìyù ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Ó ká aṣọ kúrò lórí èkejì:
tòkunbọ̀, pẹlẹbẹ, iná nínú ìdérí, iná nísàlẹ̀.
Férémù tó ń di fíìmù mú ti sọnù sí ojú òkun,
ilà kan sì wà lára gíláàsì bí irun ológbò.
Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án.

Ìjẹ̀ṣà ni mí.
Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀
bí bàbá bàbá mi ṣe ń lóṣòó gba owó aṣọ.
Ó fi ìjókòó lọ̀ mí. Mo kọ̀.
Ó dín ọ̀kẹ́ kan, mo wà nílẹ̀.
Ó dín èkejì, orúnkún mi dún, oníbàárà méjì yà kọjá.
Ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà àbọ̀ ó pariwo:
"Màmá, ẹ dìde, ẹ má kú sí mi lọ́rùn!"

Páálí bàtà ni mo gé ṣe férémù.
Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi gbá eruku ọyẹ́.
Aago méjì òru ni iná ìjọba tó dé;
iná ẹ̀rọ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ gíláàsì
bí arúgbó tó gbé fìtílà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.
Fẹ́hìntọlá wá jáde: irun dúdú kirikiri,
èjí níwájú ẹnu,
tí mo ti rò pé ìhá ni lára fíìmù.

Mo bá a ní Òkèsà, ó ń ṣa ìrẹsì.
Irun orí rẹ̀ ti rí gẹ́lẹ́ bí fíìmù ṣe sọ ọ́
ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.
Ó gbé gíláàsì ojú wọ̀, ó wo àwòrán, ó pẹ́.
"Aṣọ yẹn, mo yá a ni," ó sọ.
"Èló ló kù?"
Mo ní ọgọ́ta kọ́bọ̀.
Ó tú ìdí ìró, ó nà mí ní igba náírà,
ó dìde, ó gbá ọwọ́ mọ́ ìbàdí:
òun kò ní jókòó
títí n ó fi mú ṣéńjì dé.